Kìnnìún Òfurufú àti Mísáìlì Tó Gùn Ju Ẹsẹ̀ Bàálù Lọ

Ẹ jókòó dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ Mínísítà kan ni mo fẹ́ bá yín sọ, ọkùnrin tí wọ́n fi ṣe olórí gbogbo ohun tó ń fò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀, bó bá ti wọ bàálù báyìí, ojú ló máa ń dì pa títí bàálù á fi balẹ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ìyẹn síta. Èmi náà ì bá pa á mọ́ra, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Kìnnìún Òfurufú lorúkọ tó sọ ara rẹ̀. Mo ti bi ara mi léèrè títí pé kí ni kìnnìún ń wá lófurufú, àti pé ta ló gbé e débẹ̀, mi ò rí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n orúkọ náà wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, ó wà lára ife tó fi ń mu tíì, ó wà lára táwẹ́lì tó fi ń nu ọwọ́. Bó bá ti ń wọlé síbi iṣẹ́ láàárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ tò sẹ́nu ọ̀nà, láti orí olùṣọ́ dé orí Akọ̀wé Àgbà, kí wọ́n máa pariwo pé, "Kìnnìún wọlé! Òfurufú, ẹ yà fún ọ̀gá!" Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé títọ́jú fáìlì niṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún. Àtẹ́wọ́ rẹ̀ ló máa ń dún ju ti gbogbo èèyàn lọ. Ni wọ́n bá gbé e kúrò nídìí fáìlì, wọ́n fi í ṣe Olórí Àtẹ́wọ́, wọ́n sì fún un ní ọ́fíìsì tó ní fèrèsé méjì. Láti ọjọ́ náà, fáìlì ò lẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ́. Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi fáìlì ṣe?

Kìnnìún ò fẹ́ràn ìròyìn burúkú. Ó ní ó máa ń ru ẹ̀jẹ̀ òun sókè. Nítorí náà, ìwé yòówù tó bá fẹ́ gorí tábìlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọwọ́ Akọ̀wé Àgbà kọjá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, jígí ojú rẹ̀ máa ń wà ní ṣóńṣó imú, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó ka ìwé náà, kó fi gègé pa gbogbo ibi tó lè ba ọ̀gá nínú jẹ́ rẹ́, kó sì tún èyí tó kù tẹ̀. Fífọ ìwé ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan kọ̀wé nígbà kan pé, "Òrùlé gáréèjì bàálù ti ń jò, omi ń kán sórí ẹ́ńjìnnì, ẹ dákun ẹ gbà wá." Nígbà tí ìwé yẹn fi máa dé ọ̀dọ̀ Mínísítà, ohun tó kù nínú rẹ̀ ni pé, "Gáréèjì bàálù ní òrùlé. Omi wà." Mínísítà kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ kú iṣẹ́."

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ààrẹ ní kí wọ́n lọ ra bàálù ogun tuntun, nítorí àwọn ti tẹ́lẹ̀ ti gbó débi pé awakọ̀ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú tó bá ń fò. Oníṣòwò méjì wá láti òkè òkun. Ọ̀kan ní irùngbọ̀n, ìkejì kì í bọ́ táì pupa lọ́rùn, èmi á sì máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Bàálù Onírùngbọ̀n rẹwà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń sáré bí àrá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ikùn rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀, mísáìlì kéékèèké ni wọ́n sì ṣe fún un. Ti Onítáì Pupa ga, ìrísí rẹ̀ ò fani mọ́ra, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ, mísáìlì ńlá sì ni tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi oṣù mẹ́rin yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n kọ iye epo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ, bó ṣe ń sáré tó, ibi tí mísáìlì rẹ̀ lè dé. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n kọ ọ́ pé méjèèjì dára, kí ọ̀gá mú èyí tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí wọ́n dákun má ṣe po wọ́n pọ̀, nítorí bàálù kọ̀ọ̀kan ló ní mísáìlì tí wọ́n ṣe fún un.

Akọ̀wé Àgbà fọ ìwé náà. Ó ku, "Méjèèjì dára. Kí ọ̀gá mú èyí tó bá wù ú."

Kìnnìún bá lọ sí pápá fúnra rẹ̀ láti lọ fi wọ́n wéra. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wo bí wọ́n ṣe ń fi bàálù ogun wéra. Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé àga wá. Ó ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan kí òun gbọ́ ohùn wọn. Lẹ́yìn náà, ó lọ dúró ti bàálù Onítáì Pupa kí ayàwòrán ya òun. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán náà hàn án, ó fajú ro. Bàálù náà ga débi pé ńṣe ni Mínísítà dà bí ẹni tó wá gbálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

"Bàálù yìí ò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀," ni Kìnnìún wí. "Ó ń gbéraga. Ẹ gbé e kúrò níwájú mi."

Ó wá lọ dúró ti ti Onírùngbọ̀n. Èjìká rẹ̀ àti apá bàálù náà ṣe déédéé. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó gbé àgbọ̀n sókè, ayàwòrán yà á ní ìgbà mẹ́rìnlélógún. Ọ̀rọ̀ bàálù ti parí nìyẹn.

Ó kan mísáìlì. Wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀ lórí aṣọ funfun, kékeré àti ńlá. Kìnnìún rìn yí wọn ká lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ti orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá ńkọ́?" ló béèrè. "Báwo ni tiwọn ṣe gùn tó?"

"Mítà mẹ́ta àtààbọ̀, sà," ni ẹnì kan fèsì.

"Èyí ńlá yìí ńkọ́?"

"Mítà mẹ́rin, sà."

Kìnnìún yíjú sí gbogbo èèyàn, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ̀yin ọmọ ilẹ̀ wa! Láti ọjọ́ tí nǹkan ti ń fò lókè, kò tíì sí ìpinnu tó ga tó èyí tí mo fẹ́ ṣe lónìí! Ẹlẹ́gbẹ́ mi, nílùú míì, á wá sọ́jà, á sì ra ohun tí wọ́n bá pa pọ̀ fún un. Èmi kọ́! Èmi á mú ẹwà lọ́wọ́ eléyìí, màá mú gígùn lọ́wọ́ tọ̀hún! Bàálù Onírùngbọ̀n, mísáìlì Onítáì Pupa! Tí àwọn ọ̀tá bá rí wa lókè, wọn ò ní mọ èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ bẹ̀rù nínú méjèèjì!"

Olórí Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo pápá gbà á. Onírùngbọ̀n gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Sà, bàálù tiwa àti mísáìlì tiwọn, ó yẹ kí n ṣàlàyé pé..." Onítáì Pupa tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ gidi. Onírùngbọ̀n wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ìwé àdéhùn tó wà lórí tábìlì, ó gbé ọwọ́ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì fọwọ́ síwèé, wọ́n sì wọ bàálù kan náà padà sílé. Wọ́n ní wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí dé ọ̀hún ni, mi ò sì lè bá wọn jà.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín lọ sọ́dọ̀ èèyàn tó níláárí. Obìnrin kan wà ní gáréèjì bàálù tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí Sípánà. Òun ni ọ̀gá àwọn mẹkáníìkì tó ń so ohun ìjà mọ́ bàálù. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ṣe iṣẹ́ náà, gíríìsì ti di ara èékánná rẹ̀, kò sì sí bàálù tó ti abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jáde tó já bọ́ rí. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni páílọ́ọ̀tì tó mọṣẹ́ jù nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú wọn. Ìyá wọn kú nígbà tí ọmọkùnrin náà ṣì ń rákò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló pọ̀n ọ́n, tó rán an níléèwé, tó sì sunkún lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fò. Kìnnìún ti kéde pé lọ́jọ́ ìfihàn bàálù tuntun, níwájú Ààrẹ àti àwọn àlejò láti òkèèrè, páílọ́ọ̀tì tó mọṣẹ́ jù ni kó gbé e fò, kí mísáìlì méjì sì wà lábẹ́ apá rẹ̀, mísáìlì gidi, kì í ṣe ti irọ́.

Lọ́jọ́ tí mísáìlì dé, Àǹtí Sípánà mú téèpù, ó wọn bàálù, ó wọn mísáìlì, ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tún un wọ̀n. Bí bàálù bá dúró, kò síyọnu. Ṣùgbọ́n bàálù gbọ́dọ̀ gbé imú sókè kó tó lè kúrò nílẹ̀, bó bá sì ti gbé imú sókè, ìdí rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ìdí mísáìlì náà á lọ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ bàálù kúrú, mísáìlì gùn. Mísáìlì fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan gùn jù. Obìnrin náà kọ ọ́ síwèé lójú ẹsẹ̀: "Mísáìlì yìí gùn ju ohun tí ẹsẹ̀ bàálù yìí lè gbà lọ. Bí bàálù bá gbé imú sókè, ìdí mísáìlì á họ títì, iná á sọ, awakọ̀ á kú."

Ẹ ti mọ ibi tí ìwé náà gbà kọjá. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ Kìnnìún ni, "Mísáìlì yìí gùn. Bàálù gbé imú sókè."

"Ẹ wo bí obìnrin yìí ṣe mọ̀wé kọ," ni Kìnnìún wí. Ó kọ "Ẹ kú iṣẹ́" sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Àǹtí Sípánà rí èsì yẹn, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó wọ aṣọ ìjáde, ó lọ síléeṣẹ́ Mínísítà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti aago mẹ́jọ títí di aago méjì ọ̀sán. Akọ̀wé Àgbà kọjá níwájú rẹ̀ ní ìgbà mẹ́fà, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ní ìgbà keje, obìnrin náà dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé.

Lórí tábìlì Kìnnìún, bàálù kékeré kan wà tí Onírùngbọ̀n fi ta á lọ́rẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀, apá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Àǹtí Sípánà kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó mú pẹ́ńsùlù kan nínú ife, ó fi rọ́bà dè é mọ́ abẹ́ apá bàálù náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wò ó. Bàálù dúró báyìí, kò séwu. Ó ń sáré lójú títì báyìí, kò séwu. Ó fẹ́ gbéra báyìí."

Ó gbé imú bàálù náà sókè. Ìdí pẹ́ńsùlù kan tábìlì. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀ sí i, pẹ́ńsùlù dá, kàù! Apá bàálù ya lọ́wọ́ kan.

Kìnnìún ń wo pẹ́ńsùlù. Ẹ gbọ́ o, ó yé e. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín lọ́la pé kò yé e. Mo rí ojú rẹ̀, ó yé e bó ṣe yé ẹ̀yin náà tí ẹ ò rí pẹ́ńsùlù náà sójú. Ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú bàálù yẹn àti mísáìlì yẹn ti wà nínú ìwé ìròyìn, Ààrẹ ti fi í sára ògiri, ta ló fẹ́ lọ sọ fún Ààrẹ pé kó já a?

"Pẹ́ńsùlù ni pẹ́ńsùlù," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mísáìlì ni mísáìlì."

"Ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀!" ni Olórí Àtẹ́wọ́ pariwo láti ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

"Bó bá sì jẹ́ pé títì ló ń dí mísáìlì lọ́wọ́, ẹ gbẹ́ títì. Ẹ la kòtò gbọọrọ méjì sí i, kí ìdí mísáìlì máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣé orí mi nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ yìí ni?"

Àtẹ́wọ́ sọ. Bí mo bá ń parọ́, ẹ pè mí lónírọ́: wọ́n gbẹ́ títì náà fún ọjọ́ méjì, kí ẹnì kan tó rántí béèrè pé bí bàálù bá yà díẹ̀ tí táyà rẹ̀ bọ́ sínú kòtò ńkọ́. Ni wọ́n bá dí i padà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ pẹ́ńsùlù: Àǹtí Sípánà ò tíì jáde. Ó tún kúnlẹ̀. "Sà, àbúrò mi ló máa wà á. Òun nìkan ni mo ní. Ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi."

Kìnnìún dìde, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká tìfẹ́tìfẹ́. "Má bẹ̀rù, ìyá wa. Ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀, orílẹ̀-èdè ò ní gbàgbé rẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n mu omi díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ ìfihàn, páílọ́ọ̀tì wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́sàn-án. Obìnrin náà ń lọ aṣọ, ó ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà ní ìgbà mẹ́rin.

"Sọ pé ara rẹ ò yá," ló wí. "Sọ pé inú ń run ọ́."

"Àǹtí mi, ọmọ ogun ni mí. Wọ́n á ní mo sá. Ẹ̀wọ̀n ni."

"Ẹ̀wọ̀n sàn! Màá máa gbé oúnjẹ wá fún ọ. Ta ni màá gbé oúnjẹ lọ fún tó o bá jóná?" Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bojú. "Ẹ̀rù ń bà mí. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá."

Ọmọkùnrin náà fà á mọ́ra. "Èmi náà, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé ẹ máa fọwọ́ sí ìwé bàálù náà?"

Ìwé bàálù ni mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún yín. Bàálù kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀. Bí wọ́n bá so nǹkan tuntun mọ́ ọn lára, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò séwu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò gbọdọ̀ fò. Àwọn mẹkáníìkì àtijọ́ wá fi òfin kan kún un, ó wà ní ojú ewé kìíní títí dòní: ẹni tó bá fọwọ́ sí i, òun fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó sí àga ẹ̀yìn awakọ̀ nígbà tí bàálù náà bá kọ́kọ́ fò. Wọ́n ṣe é kí mẹkáníìkì má baà máa fi oorun ṣiṣẹ́. Àǹtí Sípánà ti jókòó sí àga ẹ̀yìn yẹn ju ogójì ìgbà lọ, ó sì máa ń bì ní gbogbo ìgbà.

"Mi ò ní fọwọ́ sí i láéláé," ló wí. "Wọ́n á lé mi, wọ́n á wá ẹlòmíì tó máa fọwọ́ sí i."

"Ta ni? Gbogbo mẹkáníìkì ló ti rí téèpù yín. Ta ló máa fọwọ́ sí i tó máa wá jókòó sẹ́yìn mi?"

Obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù, ó tún gbé e sílẹ̀. "Ọkùnrin kan wà," ló wí jẹ́jẹ́, "tí kò lè rí bébà kó má fọwọ́ sí i."

Ọjọ́ ìfihàn pé. Aago mẹ́wàá àárọ̀, oòrùn mú, àwọn àlejò jókòó sábẹ́ ìbòòji, omi dídì wà nínú ife wọn. Wọ́n ti kun mísáìlì méjèèjì ní pupa. Páílọ́ọ̀tì dúró ti bàálù, akoto lábẹ́ apá. Kìnnìún fi wákàtí kan sọ̀rọ̀, gbohùngbohùn kékeré wà ní àyà rẹ̀. Ó sọ fún Ààrẹ pé láti òní lọ, bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ó gbọ́dọ̀ gbàṣẹ. Olórí Àtẹ́wọ́ pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.

Àǹtí Sípánà gbé ìwé bàálù wá, ó kúnlẹ̀ kí Ààrẹ, ó dìde.

"Ẹ fọwọ́ sí i ká máa lọ," ni Kìnnìún wí.

"Mi ò lè fọwọ́ sí i, sà. Kò dá mi lójú."

Kìnnìún rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ má bínú, Ààrẹ wa, iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un."

"Ẹni tó bá dá lójú lè fọwọ́ sí i, sà. Àyè wà níbẹ̀."

Obìnrin náà ṣí ìwé náà síwájú Kìnnìún, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ojú ewé funfun gbàgàdà. Kámẹ́rà mẹ́jọ yíjú sí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkùnrin yìí ò lè pa á mọ́ra. Ó yọ bírò oníwúrà rẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó fọwọ́ sí i, ìfọwọ́sí rẹ̀ gba ìdajì ojú ewé, ó sì tún fa ìrù sí i. Àtẹ́wọ́ sọ gèè.

Páílọ́ọ̀tì bẹ́rí fún un. "Ẹ ṣeun, sà. Aṣọ yín ti wà nílẹ̀. Àga ẹ̀yìn ni tiyín."

"Àga wo?"

Páílọ́ọ̀tì ṣí ojú ewé kìíní, ó kà á sókè ketekete. Kí Kìnnìún tó lè la ẹnu, Ààrẹ ti dìde. "Ohun tí mo fẹ́ rí gan-an nìyí! Mínísítà tó ń fi ara rẹ̀ ṣáájú!" Ààrẹ pàtẹ́wọ́, àwọn àlejò náà pàtẹ́wọ́. Olórí Àtẹ́wọ́ ń sunkún ayọ̀. Òun ló sáré gbé aṣọ awakọ̀ wá, òun ló ki ọ̀gá rẹ̀ bọ inú rẹ̀, òun ló fa síìpù rẹ̀ dé ọrùn, òun náà ló ń tì í nídìí gun àkàbà, tó ń pariwo pé, "Kìnnìún ń lọ sílé! Ẹ yà fún un!"

Kìnnìún tẹ ẹsẹ̀ àkàbà kìíní. Ó tẹ ìkejì. Nígbà tó dé ẹ̀kẹta, ó bojú wo ìsàlẹ̀, ó rí ìdí mísáìlì pupa náà, ó rí ilẹ̀, ó rí àlàfo tó wà láàárín wọn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì mọ́ àkàbà.

"Mi ò lọ!" ló figbe ta, gbohùngbohùn gbé e dé gbogbo pápá. "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀! Ìdí ẹ̀ á họ títì! A máa jóná! Mo lọ́mọ nílé o!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" ni Ààrẹ béèrè.

"Obìnrin yìí ni! Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó fi pẹ́ńsùlù hàn mí, pẹ́ńsùlù náà dá lójú mi!"

"Nígbà wo?"

Kìnnìún ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò jẹ́ kó lè parọ́. "Ó... ó ti tó oṣù mẹ́ta, sà."

Àǹtí Sípánà rìn dé ìdí àkàbà. Kò pariwo. "Sà, nígbà tó jẹ́ pé àbúrò mi ló máa gùn ún, bàálù náà dára. Nígbà tó kàn yín, ó di ikú. Ṣé ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló wà lára tirẹ̀ ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ páílọ́ọ̀tì ló dun Ààrẹ o. Ohun tó dùn ún ni pé òun ti pàtẹ́wọ́, kámẹ́rà sì ti yà á. Kí omi dídì inú ife tó yọ́ tán, ó ti yọ Kìnnìún níṣẹ́, níbi tó dì mọ́ àkàbà. Akọ̀wé Àgbà kọ ìwé ìyọniníṣẹ́ náà lórí itan rẹ̀, ó sì fọ̀ ọ́ bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́: "Mínísítà ti ráyè sinmi."

Páílọ́ọ̀tì bọ́ akoto, ó jókòó sílẹ̀ lójú títì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sunkún bó ṣe wù ú, kò sì sí ọ̀gá kan tó láyà láti ní kó dìde. Nígbà tó sunkún tán, ó nu imú, ó mú sípánà, ó lọ tú mísáìlì méjèèjì kúrò.

Ní aago mẹ́ta, gbogbo èèyàn ti lọ. Mọ́tò ìjọba ti lọ pẹ̀lú ẹni tí wọ́n fi rọ́pò Mínísítà fúngbà díẹ̀. Olórí Àtẹ́wọ́ ti tẹ̀ lé mọ́tò náà, ó ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni tó ń jẹ́ Kìnnìún tẹ́lẹ̀ nìkan ló kù lẹ́nu géètì, nínú aṣọ awakọ̀, nítorí síìpù rẹ̀ ti há, bẹ́ẹ̀ sì ni láti ọjọ́ tó ti di Mínísítà, òun kọ́ ló ń bọ́ aṣọ lára ara rẹ̀. Oòrùn ń pa á. Ó nawọ́ sí takisí mẹ́ta, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan wo aṣọ náà, wọ́n tẹ iná mọ́tò.

Mọ́tò àtijọ́ kan dúró níwájú rẹ̀, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí. Páílọ́ọ̀tì ló wà á, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí iwájú.

"Ẹ wọlé, sà," ni ọmọkùnrin náà wí. "Ibi tẹ́ ẹ ń lọ wà lọ́nà wa."

Ọkùnrin náà di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mú, kò tíì wọlé. Ó wo táyà. Ó tẹ̀ ba, ó wo abẹ́ mọ́tò.

"Ẹ má bínú o," ló béèrè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá. "Bíréèkì rẹ̀ ńkọ́? Ta ló tún un ṣe?"

"Èmi ni," ni obìnrin náà fèsì, kò wẹ̀yìn.

Ó wọlé lójú ẹsẹ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Ọdún méjì ló ti fi jẹ́ ọ̀gá obìnrin yìí, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́.